Ijó ìbílẹ̀ Filipínì níbi ìgbéyàwó: èwo ni kí ẹbí yàn?

Bí wọ́n bá ti ní kí ẹbí Filipínì kan mú ijó ìbílẹ̀ wá síbi ìgbéyàwó, Tinikling ni ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ijó tí àwọn ọ̀dọ́ ń fò wọlé fò jáde láàárín ọparun méjì. Mo fẹ́ràn Tinikling gan-an. Síbẹ̀, lójú tèmi, òun kọ́ ló yẹ kí ẹbí fi bẹ̀rẹ̀. Ijó wà ní Filipínì tó jẹ́ pé ibi ìgbéyàwó gan-an ni ilé rẹ̀: ìyàwó àti ọkọ ló ń jó o, àwọn òbí á wọ agbo tẹ̀ lé wọn, owó á sì máa já lulẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ ìran wíwò: ẹ jókòó, ẹ wò ó, ẹ pàtẹ́wọ́. Méjèèjì ló dára, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbi àsè yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ lè rí i pé ìran dùn títí, síbẹ̀ kò sí àgbàlagbà kankan tó dìde lórí ìjókòó rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Ní Bìrìtéènì, àwọn nọ́ọ̀sì wa àti àwọn nọ́ọ̀sì Filipínì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan náà, ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ a sì máa di àna. Bí ọmọ yín bá ń fẹ́ síbẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí àwọn àna yín ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń dárúkọ ijó.

Ìlú wo ni wọ́n ti wá?

Erékùṣù 7,641 ni wọ́n kà ní Filipínì. Ará Samar, ará Sorsogon, ará Pangasinan àti ará Sulu kì í sọ èdè kan náà, ẹ̀sìn wọn kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan, ijó wọn kò sì jọra. Nítorí náà, kí ẹ tó wo fídíò kankan, ẹ lọ bá ìyá àgbà inú ẹbí náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Lola. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n jó níbi ìgbéyàwó tirẹ̀, ẹni tó lu orin, àti ohun tó wọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ lè parí gbogbo àríyànjiyàn.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú àwọn ijó tí ọmọ Filipínì kọ́ nílé ìwé, ìwé Francisca Reyes Aquino ni wọ́n ti rí i. Obìnrin yìí ló ń rìn láti abúlé dé abúlé láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tó ń kọ ìṣísẹ̀ àti orin wọn sílẹ̀. Lórí ijó àti eré ìbílẹ̀ ló kọ ìwé oyè rẹ̀ ní Yunifásítì Filipínì lọ́dún 1926, wọ́n sì fi í jẹ oyè National Artist, ìyẹn Oníṣẹ́-ọnà Orílẹ̀-èdè, fún ijó lọ́dún 1973. Iṣẹ́ ńlá ló ṣe, òun ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn parun. Àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé jẹ́ bí abúlé kan ṣe ń jó o ní ìgbà kan. Bí Lola bá ní ìlú àwọn kì í yí sí ọ̀tún níbẹ̀ yẹn, ti Lola ni kí ẹ ṣe.

Kuratsa tàbí Pantomina: àwọn ijó ìgbéyàwó gan-an

Bí ẹbí bá jẹ́ Waray, ìyẹn àwọn ará Samar àti ìlà-oòrùn Leyte, ọ̀rọ̀ ti parí: Kuratsa ni. Ọkùnrin kan, obìnrin kan, ní àárín agbo. Ọkùnrin á na apá méjèèjì bí àkùkọ tó ń na ìyẹ́, á máa yí obìnrin náà ká, á máa fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Obìnrin á gbé etí aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, á yí ẹ̀yìn sí i, á sá lọ sí ìkángun kejì, á wá fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó bóyá ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀ lóòótọ́. Bí orin bá yá, ìlépa náà á yá. Kò sí ìlànà líle tí gbogbo èèyàn ń tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìṣísẹ̀ wà tí gbogbo wọn mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí olúkúlùkù fi kún un ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn pariwo. Mo ti rí àwọn àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún nínú fídíò ìgbéyàwó Samar tí wọ́n gba agbo lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ nítorí pé orúnkún lè má lágbára mọ́, ojú àti èjìká ṣì mọ iṣẹ́ wọn.

Owó sì ni apá kejì Kuratsa. Gala ni wọ́n ń pè é. Bí tọkọtaya bá ti ń jó, àwọn àlejò á máa ju owó sílẹ̀ níwájú wọn, ẹbí ọkọ níhìn-ín, ẹbí ìyàwó lọ́hùn-ún, olúkúlùkù kò sì fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kejì ta òun yọ. Yorùbá tó bá wà níbẹ̀ kò nílò ògbufọ̀, torí ó jọ náwónáwó tiwa délẹ̀délẹ̀. Owó náà wà fún tọkọtaya láti fi bẹ̀rẹ̀ ilé. Lẹ́yìn wọn, wọ́n lè pe àwọn òbí wọ agbo, kí wọ́n tún pe àwọn ninong àti ninang, ìyẹn àwọn bàbá àti ìyá ìsàlẹ̀ ìgbéyàwó tó jẹ́rìí fún wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, owó á sì tún máa bọ̀.

Pantomina jẹ́ ti Bicol, Sorsogon pàápàá. Ẹyẹlé ni àwòkọ́ṣe rẹ̀, kì í ṣe àkùkọ. Akọ ẹyẹlé ń tẹrí ba, ó ń sún mọ́ abo, abo ń sún díẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ń jẹ́ kí ó tún sún mọ́ òun. Ọkùnrin lè kúnlẹ̀, ó lè fi fìlà bẹ̀bẹ̀. Owó ń wọlé níbẹ̀ náà láti ọwọ́ àwọn àlejò. Sorsogon fẹ́ràn ijó yìí débi pé wọ́n ń jó o ní ìtà gbangba lójú pópó lásìkò ọdún Kasanggayahan nínú oṣù October, ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà náà, bí ẹbí bá ní gbòǹgbò ní ìlú méjèèjì, tàbí tí wọn kò ní í ní ìkankan, èwo ni kí wọ́n mú? Kuratsa fẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ yá, tó lè dá àṣà, tí ojú kò tì níwájú èrò. Bí ìyàwó bá jẹ́ aláwàdà tí ọkọ sì lè bá a ṣe é, kò sí ohun tó dùn tó o. Pantomina ṣeé ṣe fún onítìjú. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ju ti Kuratsa lọ, ìyàwó tó wọ aṣọ funfun tó ń wọ́lẹ̀ sì lè jó o láìbẹ̀rù pé òun yóò tẹ etí aṣọ mọ́lẹ̀. Ní ti Kuratsa, ẹ wá ẹni tí yóò bá ìyàwó gé etí aṣọ náà kúrú, tàbí kí ó pààrọ̀ aṣọ kí ó tó wọ agbo.

Ọ̀rọ̀ owó yìí gba ìṣọ́ra. Ní àwọn ìlú mìíràn ní Filipínì, wọn kì í ju owó sílẹ̀. Píìnì ni wọ́n fi ń so ó mọ́ aṣọ tọkọtaya nígbà tí wọ́n ń jó ijó jẹ́jẹ́. Àmọ́ òfin Filipínì kan ti ọdún 1973, Presidential Decree 247, sọ bíba owó orílẹ̀-èdè náà jẹ́, yíya á tàbí sísun ún, di ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, àpòòwé tàbí ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n fi kílíìpù mú dára ju kí píìnì gún owó lọ. Bí àsè bá sì jẹ́ ní Nàìjíríà, ẹ rántí pé abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka nínáwó náírà àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ sí ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹ̀wọ̀n ṣe é fún àwọn kan. Ẹ gbé agbọ̀n tàbí àwo ńlá sí àárín agbo kí gala má bàa kan ilẹ̀.

Cariñosa: bí kò bá sí àkókò ìdánrawò

Ijó abẹ̀bẹ̀ àti aṣọ ìnujú ni. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ní erékùṣù Panay ló ti wá. Obìnrin á fi abẹ̀bẹ̀ bojú, ọkùnrin á yọjú láti ọ̀tún, á yọjú láti òsì; wọ́n á na aṣọ ìnujú sí àárín ara wọn, wọ́n á yọjú láti òkè rẹ̀. Èrè rẹ̀ tó tóbi jù ni pé tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn ni ọmọ Filipínì tó lọ ilé ìwé nílé fi máa ń rántí rẹ̀, torí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì eré ìdárayá. Àbúrò ìyàwó tó ti ìlú òkèèrè dé lálẹ́ àná lè wọ inú rẹ̀. Ọkọ tí kì í ṣe ọmọ Filipínì lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí ó bá fọkàn sí i.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè rí bí ijó ilé ìwé lójú àwọn tó ti jó o jù. Bí ẹbí bá ní ijó ìlú tiwọn, èmi kò ní í fi Cariñosa rọ́pò rẹ̀.

Pandanggo sa Ilaw tàbí Binasuan: iná lórí, tàbí ọtí lórí

Méjèèjì jẹ́ ijó ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, wọ́n sì ń mú kí gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Pandanggo sa Ilaw wá láti erékùṣù Lubang lẹ́bàá Mindoro. Fìtílà mẹ́ta: ọ̀kan lórí, ọ̀kan ní ẹ̀yìn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Orin rẹ̀ jẹ́ onílù mẹ́ta-mẹ́ta bí wọ́ọ̀sì, obìnrin á sì máa yí ọwọ́ ká, á kúnlẹ̀, á dìde, iná kò sì ní í kú. Ìbátan rẹ̀ kan wà ní Lingayen ní Pangasinan, Oasioas, níbi tí wọ́n ti ń di fìtílà sínú aṣọ tó fẹ́lẹ́ tí wọ́n sì ń fì í káàkiri bí àwọn apẹja ṣe ń fi iná juwọ́ sí ara wọn.

Binasuan jẹ́ ti Bayambang, ní Pangasinan kan náà. Ife gíláàsì ló wà lórí àti ní ọwọ́ méjèèjì, ọtí ìrẹsì sì wà nínú wọn dé ìdajì. Oníjó á yí po, á jókòó sílẹ̀, á dùbúlẹ̀, á yí ara lórí ilẹ̀, á tún dìde, ọtí kò ní í dà. Ibi ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí àti àjọ̀dún ni wọ́n ti ń jó o nílé.

Bí mo bá ní láti yan ọ̀kan fún gbọ̀ngàn àyálò, Binasuan ni. Gbọ̀ngàn púpọ̀ ni kì í gba iná láàyè. Bí wọ́n bá sì gbà, apá aṣọ ìbílẹ̀ obìnrin Filipínì gbòòrò, wọ́n sì lè fi piña rán an, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n hun láti inú ewé ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ẹ má gbé àbẹ́là gidi sún mọ́ ọn. Fìtílà oníbátìrì ṣeé lò, wọ́n sì ń lò ó káàkiri, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n pa iná gbọ̀ngàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sí ohun tí ẹnì kankan máa rí. Bí àsè bá jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́ ní àgbàlá ilé, tí ẹbí sì ní ẹni tó mọ̀ ọ́n jó dáadáa, Pandanggo ló máa borí. Ohun kan nípa Binasuan: ẹ fi omi ṣe ìdánrawò, ẹ má sì fi kápẹ́ẹ̀tì tẹ́ ibi tí wọ́n máa jó o, ó máa ń fa aṣọ.

Tinikling tàbí Maglalatik: fún àwọn ọ̀dọ́ ẹbí

Leyte ló bí Tinikling. Ẹyẹ tikling, tó ga lẹ́sẹ̀ tó ń rìn láàárín koríko àti oko ìrẹsì, ló ń ṣe àfarawé. Ọparun méjì tó gùn bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ni wọ́n ń lò, lórí igi pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní ìkángun. Ẹni méjì á kúnlẹ̀ di ọparun mú. Wọ́n á gbá wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á yà wọ́n, wọ́n á gbá wọn mọ́ igi ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ọparun bá yà, ẹsẹ̀ oníjó wà nínú. Nígbà tí wọ́n bá pàdé, ẹsẹ̀ ti jáde. Inú, inú, ìta. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń jó o, bí orin bá sì ti yá, ọrùn ẹsẹ̀ wà nínú ewu gidi.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í kà sí ni àwọn tó kúnlẹ̀. Wọ́n ń wá oníjó tó rẹwà, wọ́n á wá fi ọparun sí ọwọ́ ẹni tí kò wá síbi ìdánrawò. Ẹni tó di ọparun mú ló ń pa àkókò mọ́. Bí ó bá ṣìṣe, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló máa gbà á. Àwọn tí etí wọn dá ṣáká lórí ìlù ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ní àwọn ilé ìwé Amẹ́ríkà, wọ́n ti sọ ọ́ di onílù mẹ́rin kí ó lè bá orin ìgbàlódé lọ. Bí DJ bá fẹ́ fi orin Afrobeats sí i, ti onílù mẹ́rin yẹn ni kí wọ́n kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹsẹ̀ tó ti mọ mẹ́ta kì í tètè gba mẹ́rin.

Maglalatik jẹ́ ti ọkùnrin nìkan, láti Biñan ní Laguna. Wọ́n á so èèpo àgbọn mọ́ àyà, ẹ̀yìn, ìbàdí àti itan, wọ́n á sì di méjì mú lọ́wọ́, wọ́n á máa gbá wọn mọ́ra wọn àti mọ́ ti ẹnì kejì. Ariwo rẹ̀ dùn, ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ ìtàn rẹ̀: ìjà láàárín àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n ń pè ní Moro, àti àwọn Kristẹni nítorí omi àgbọn síse ni ijó náà ń ṣàfihàn. Níbi tí ẹbí Mùsùlùmí ti ń fẹ́ ọmọ Kristẹni, mi ò ní í gbé e wá. Tinikling kò ní ìṣòro bẹ́ẹ̀.

Pangalay tàbí Singkil: ijó gúúsù

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ rọra. Singkil lẹ́wà lójú gan-an: ọparun tó dábùú ara wọn, obìnrin tó dúró ṣánṣán bí ọmọ ọba, abẹ̀bẹ̀ ní ọwọ́ méjèèjì, ìránṣẹ́ tó ń gbé agboòrùn tẹ̀ lé e. Ó jẹ́ ti àwọn Maranao tó wà ní àyíká adágún Lanao, ìtàn tí wọ́n sì ń sọ nípa rẹ̀ jẹ mọ́ Darangen, ìtàn-orin gígùn wọn tí UNESCO fi sórí àkọsílẹ̀ ogún aráyé. Èyí tí ayé mọ̀ jù ni ti ẹgbẹ́ oníjó Bayanihan, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1957, tí wọ́n sì ṣe é fún orí ìtàgé. Àwọn Maranao kan ti ń fi ẹ̀hónú hàn pé àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí ń wọṣọ tí kò bá ọlá àwọn mu, wọ́n sì ń pe ohun tí wọ́n ṣe lórí ìtàgé ní àṣà Maranao. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Bí kò bá sí Maranao nínú ẹbí tó máa darí rẹ̀, ẹ fi Singkil sílẹ̀ fún orí ìtàgé.

Pangalay yàtọ̀. Àwọn Tausug ní Sulu ló ni ín, ó sì wà lára ìgbéyàwó wọn lóòótọ́. Kò sí fífò, kò sí sísáré. Orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, ara á máa rọ́ lọ bí omi, gbogbo iṣẹ́ á wà ní ọwọ́ àti ìka, níbi tí wọ́n ti lè fi janggay, èékánná onírin gígùn, mú wọn gùn sí i. Kulintangan, agogo kéékèèké tí wọ́n tò sórí ìlà, ló ń kọrin sí i. Ligaya Fernando-Amilbangsa fi ọ̀pọ̀ ọdún ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ ọ tó sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Ramon Magsaysay lọ́dún 2015. Ẹni kan ṣoṣo lè jó o, obìnrin tàbí ọkùnrin, ìyá ìyàwó náà lè jó o. Bí ẹbí bá ti Sulu tàbí Tawi-Tawi wá, kò sí ohun tí mo lè fi wé e.

Ní àwọn òkè àríwá Luzon, agogo gangsa ló ń sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó. Ní Benguet, tọkọtaya kan á fi aṣọ ìbora tí wọ́n hun bo èjìká, wọ́n á jó tayaw yí ká, àwọn mìíràn á sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí kò bá ní agogo gidi àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lù kò gbọdọ̀ fi fóònù rọ́pò rẹ̀.

Orin, aṣọ àti àkókò

Fún Cariñosa àti Pandanggo, rondalla ló bá a mu jù, ẹgbẹ́ olórin okùn tó ní bandurria, gìtá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Bí kò bá sí, orin àgbàsílẹ̀ kò burú. Kuratsa nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ sa gbogbo agbára yín kí olórin tó wà láàyè lù ú, torí pé olórin ní láti máa wo owó. Bí gala ṣì ń wọlé, orin kò gbọdọ̀ parí.

Ọkùnrin tó máa jó nínú barong, ẹ̀wù fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń jù sórí ṣòkòtò láì kì í bọ inú rẹ̀, ní láti ní síńgílẹ́ẹ̀tì lábẹ́ rẹ̀. Fún Tinikling, barong olówó ńlá kò yẹ. Ẹ̀wù lásán àti ṣòkòtò tí wọ́n ká sókè ló bá oko ìrẹsì mu. Fún ìyàwó tàbí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó máa jó Cariñosa, aṣọ Maria Clara, aṣọ ìbílẹ̀ obìnrin tí apá rẹ̀ gbòòrò, ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn.

Ijó ìran wíwò ni kí ẹ fi sáàárín oúnjẹ, ọ̀kan péré, ó pọ̀ jù méjì. Ẹ fi ijó tọkọtaya sí ẹ̀yìn oúnjẹ, nígbà tí ikùn ti kún tí àwọn àgbà kò sì tíì máa wá ọkọ̀ àtilọ sílé. Ẹ yan ẹni méjì ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀kan láti ẹbí ọkọ, ọ̀kan láti ẹbí ìyàwó, tí wọ́n máa jọ kó gala, tí wọ́n máa jọ kà á, tí wọ́n sì máa fà á lé tọkọtaya lọ́wọ́ kí wọ́n tó kúrò ní gbọ̀ngàn. Kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń jó má bẹ̀rẹ̀ láti ṣa owó.